Ní Wharf Road: Eèrí Àlìkámà àti Ewúrẹ́ Ajégúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Marine kọjá láti Ìjọ́ra, tí ó sì kọ ojú sí ìhà omi, kì yóò pẹ́ kí ó tó bọ́ sí Wharf Road, ọ̀nà tí ó wọ èbúté Apápá. Ọ̀nà náà kò gùn. Nǹkan bí kìlómítà 2 ni apá tí a fi kọnkéré tún ṣe lẹ́yìn àdéhùn tí Ìjọba Àpapọ̀, Àjọ Èbúté, ilé iṣẹ́ Dangote àti ilé iṣẹ́ Flour Mills jọ fọwọ́ sí ní ọdún 2017. Síbẹ̀ a kò rò pé ọ̀nà mìíràn wà ní ilẹ̀ wa tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀, tí ẹrù tí ń gba orí rẹ̀ kọjá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1921 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1926, àyè ti wà fún ọkọ̀ òkun ńlá mẹ́rin láti so mọ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà wá ni ìrẹsì, iyọ̀, pańla, aṣọ àti irin ti ń gba ibẹ̀ wọlé, tí kòkó àti ẹ̀pà sì ti ń gba ibẹ̀ jáde.

Àwọn tí ó mọ ọ̀nà yìí kí ọdún 2021 tó dé kò lè gbàgbé bí ọkọ̀ àjàgbé ti máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté títí dé orí afárá, tí awakọ̀ ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ó ń se ọbẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ayélujára pe wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó máa ń mú àwa dé ibẹ̀, a sì ti fi ẹsẹ̀ rìn ín ju bí a ti fi ọkọ̀ rìn ín lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran-ọ̀sìn ni, pàápàá ti àwọn tí ń jẹ àpọ̀jẹ, èyíinì ni ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni ewúrẹ́ wá dé èbúté, kí ó ní sùúrù kí ó bá wa rìn.

Ní ọ̀nà yìí kan náà ni ilé ìlọkà ńlá kan wà, tí òòrùn ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń bo òórùn epo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní àwọn òwúrọ̀ mìíràn. Flour Mills ni, tí George Coumantaros, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ ọkà ní ọdún 1962. Ọkọ̀ òkun a gbé àlìkámà dé láti òkèèrè, nítorí èyí tí a ń gbìn ní ìhà Òkè Ọya kò tó ohun tí àwọn oníbúrẹ́dì wa ń bèèrè. Ẹ̀rọ a fa àlìkámà náà jáde kúrò nínú ikùn ọkọ̀ bí ẹni ń fi ìrépé fa omi mu, yóò sì dà á sínú àká gíga. Lẹ́yìn náà ni ìlọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú 100 kílò àlìkámà tí ó bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, nǹkan bí 75 ni ń jáde ní ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì àti pọ́fù-pọ́fù. Ìyókù ni èèpo rẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní dúsà. Ẹ̀yin ìyá tí ń sẹ́ ògì yóò pè é ní eèrí, ohun kan náà sì ni.

Eèrí yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. A ń dì í sínú àpò, a ń kà á, a ń wọ̀n ọ́n, a sì ń tà á. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ adìẹ ń rà á, àwọn tí ń bọ́ àgbò sílẹ̀ de ọdún Iléyá ń rà á, àwọn tí ń sin màlúù oníwàrà náà ń rà á. Nínú 100 kílò rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ, nǹkan bí 16 ni èròjà amáradàgbà, èyí tí ó pọ̀ ju ti àgbàdo lọ. Àwa ènìyàn jẹ ìyẹ̀fun funfun, a sì fi apá tí ó lágbára jù sílẹ̀ fún ẹran. Bóyá ẹran gbọ́n jù wá lọ ní ọ̀nà yìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí náírà ti wálẹ̀ gidigidi níwájú dọ́là, ni owó oúnjẹ ẹran ti gbéra sókè, ẹni tí ó sì ní ewúrẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìnkùlé kò fi bẹ́ẹ̀ lè nawọ́ kan àpò eèrí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a sọ̀rọ̀ nípa ṣàkì. Gbogbo ẹ̀yin ìyàwó ilé ni ẹ ti fi omi gbígbóná àti ọ̀bẹ họ ọ́ rí. Ohun tí ẹ ń họ yẹn ni àpò àkọ́kọ́, tí ó sì tóbi jùlọ, nínú àpò mẹ́rin tí oúnjẹ ń gbà kọjá nínú ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ti màlúù ńlá a máa gba ju 100 lítà lọ. Ẹran náà a kọ́kọ́ já koríko, yóò sì gbé e mì kánkán láìjẹ ẹ́ kúnná. Lẹ́yìn náà yóò wá ibi tútù dùbúlẹ̀, yóò pọ̀ ọ́ padà sí ẹnu díẹ̀díẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ dáradára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eyín rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù. Inú ṣàkì dà bí ìkòkò ògì tí a kò ṣí rí: ó gbóná wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kún fún omi, àìmọye ẹ̀dá kéékèèké tí ojú kò lè rí sì ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń kẹ oúnjẹ náà. Àwọn wọ̀nyí ni ó lè fọ́ okùn inú koríko àti èèpo, èyí tí ikùn ènìyàn kò lè ṣe. Nígbà tí wọ́n bá sì ti jẹ, tí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n a bá omi ṣàn lọ sí àpò kẹrin, níbi tí ẹran náà ti ń da àwọn fúnra wọn bí oúnjẹ. Nítorí náà ni ewúrẹ́ fi lè jẹ háhá àgbàdo kí ó sì sọ ọ́ di ẹran àti wàrà. Adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ń bá wa du àgbàdo inú àwo wa. Ewúrẹ́ kò bá wa du nǹkan kan.

A fi èbúté sílẹ̀, a gba àárín àwọn ilé ńláńlá Apápá tí ògiri wọn ga, a sì kọ ojú sí Ajégúnlẹ̀. Ọ̀nà kan wà ní ìhà ibẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malu Road. Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ wa mu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rẹ́rìn-ín nígbà tí a rí i lára pátákó. Ibi tí a ń pè ní Boundary ni Apápá ti bá Ajégúnlẹ̀ pààlà. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò nílò kí a fi ààlà náà hàn án. Ní ìhà kan, ilé kan lórí ilẹ̀ gbígbòòrò. Ní ìhà kejì, ìdílé mẹ́wàá lábẹ́ òrùlé kan. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Ìlàjẹ ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo àti Hausa ń bẹ níbẹ̀, oúnjẹ tí olúkúlùkù bá ti ilé bàbá rẹ̀ mọ̀ ni ó sì ń sè.

Èyí ni ó mú kí èèpo pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ wo ọjà kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan ṣoṣo: èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe fùfú, èèpo iṣu lọ́dọ̀ àwọn tí ń gúnyán, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń sun bọ̀lì, háhá àti ṣùkù àgbàdo ní àkókò òjò, èèpo ẹ̀wà lọ́dọ̀ alákàrà àti ẹlẹ́mọ̀ọ́ínmọ́ín, eèrí lọ́dọ̀ àwọn tí ń sẹ́ ògì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe oúnjẹ ewúrẹ́. Bí a bá kó gbogbo wọn jọ ní mímọ́, tí a sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àpò eèrí ti Wharf Road, wọn yóò wúlò fún iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í mọ́. Inú ọ̀rá ni a ń dì wọ́n sí, pẹ̀lú ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, abẹ́ àfọ́kù àti aṣọ àkísà, a ó sì jù wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ewúrẹ́ yóò sì dé.

Gbogbo wa ni a ti rí ewúrẹ́ Èkó. Kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn, kò sì bẹ̀rù mọ́tò. Irú tiwa ní ìhà igbó ni, èyí tí ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin inú igbó ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí màlúù àti ewúrẹ́ gíga ti ilẹ̀ ọ̀dàn kì í lè fara dà bẹ́ẹ̀. Ẹran tí ó ní irú ara yìí níye lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ìran ewúrẹ́ kan tí a bí mọ́ fífara da ọ̀rá. Ọ̀rá tí iyọ̀ tàbí òróró àkàrà bá wà lára rẹ̀, oúnjẹ ni lójú ewúrẹ́. Yóò gbé e mì. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ṣàkì kò lè fọ́ ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọjá sí ẹ̀yìn, nítorí ẹnu ọ̀nà àpò kejì sí ìkẹta tóóró. Nítorí náà yóò dúró síbẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e yóò wé mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ yóò ti di òkìtì, àyè oúnjẹ yóò sì ti tán.

A bá ìyá ẹlẹ́kọ kan pàdé ní òpópó kan ní ìhà ibẹ̀, tí ó so ewúrẹ́ mẹ́rin mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀. A kí i, a sì bi í pé kí ló dé tí ó fi so wọ́n, nígbà tí ti àwọn aládùúgbò ń rìn kiri.

Ó ní, "Bàbá, márùn-ún ni wọ́n. Ìyá wọn ni ó kú. Ó ń jẹun títí di ọjọ́ tí ó kú, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, inú rẹ̀ sì ń tóbi sí i. A sọ pé oyún ni. Èmi àti àwọn ọmọ ń ka oṣù. Nígbà tí alápatà là á, ọ̀rá ni a bá níbẹ̀, Bàbá, ọ̀rá tí ó kún garawa."

A dákẹ́. Kí ni a fẹ́ sọ? Ewúrẹ́ kan fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Owó ìwé ọmọ ni, owó ilé ìwòsàn ni. Ilé ìfowópamọ́ tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni.

Ó yẹ kí a sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé pé àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú a máa fi ọ̀rá sínú ṣàkì ẹran. Ẹ má ṣe yà wá lẹ́nu, òótọ́ ni. Wọ́n a ṣe ojú ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ màlúù tàbí àgùntàn, wọ́n a fi ìdérí dí i, ẹran náà yóò sì máa jẹun, yóò máa bímọ, yóò sì pẹ́ láyé. Wọ́n a wọn oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ dán wò sínú àpò kékeré tí a fi fọ́nrán ọ̀rá hun, tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ṣàkì lè wọlé ṣùgbọ́n tí oúnjẹ kò lè yọ jáde. Wọ́n a so okùn mọ́ ọn, wọ́n a sì sọ ọ́ sínú ṣàkì fún wákàtí 6, tàbí 24, tàbí 48. Nígbà tí wọ́n bá fà á jáde, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tún un wọ̀n, iye tí ó dín kù ni iye tí ẹran náà lè rí gbà nínú oúnjẹ náà. Ní ìlú Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland ni Ørskov àti McDonald ti kọ ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 1979, ọ̀nà náà sì ti di ohun ìlò ní àwọn yunifásítì wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rá ti ọ̀mọ̀wé àti ọ̀rá ti Ajégúnlẹ̀ ni pé ti ọ̀mọ̀wé ní okùn tí a lè fi fà á jáde.

Ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Yunifásítì ibẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Adenuga Oyenuga ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ó kó oúnjẹ ilẹ̀ wa jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti ènìyàn àti ti ẹran, ó sì wádìí iye omi, òróró, èròjà amáradàgbà àti eérú tí ó wà nínú olúkúlùkù. Ẹ̀dà kẹta ìwé náà jáde ní ọdún 1968. Ṣáájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé àwọn aláwọ̀ funfun, tí ń sọ nípa koríko ilẹ̀ tútù, ni a ń kà láti fi bọ́ ẹran ilẹ̀ gbígbóná.

Ní nǹkan bí ọdún 1978, àjọ tí ń ṣe ìwádìí ẹran-ọ̀sìn fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Addis Ababa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn ìhà igbó. Wọ́n gbin igi agúnmániyẹ̀ àti igi Leucaena ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì gbin àgbàdo sí àárín. Bí a bá gé ẹ̀ka igi náà, apá kan yóò jẹ́ ajílẹ̀ fún àgbàdo, apá kejì yóò jẹ́ oúnjẹ ẹran. Ewé agúnmániyẹ̀ sì ní èròjà amáradàgbà ju eèrí àlìkámà lọ. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò bá a dé ibi tí ó jìnnà, nítorí gígé ẹ̀ka lemọ́lemọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ilẹ̀ tí ènìyàn yá kò sì ṣeé gbin igi sí. Ní tiwa, a rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ì bá ti kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin léèrè, nítorí àwọn ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn ewúrẹ́ náà.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti èèpo ẹ̀gẹ́. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì ṣírò pé èèpo tí ń ti ara rẹ̀ jáde lọ́dọọdún tó mílíọ̀nù 14 tọ́ọ̀nù. A ń dáná sun púpọ̀ nínú rẹ̀, tàbí kí a jẹ́ kí ó rà síbẹ̀. Àléébù mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni oró: oró tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ pọ̀ nínú èèpo ju inú iṣu rẹ̀ lọ, ewúrẹ́ tí ebi ń pa tí ó sì jẹ èèpo tútù ní àjẹjù lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì ni omi: sísá a sí oòrùn a máa gba ọjọ́ 2 tàbí 3, bí òjò bá sì rọ̀, yóò bu, èèbu rẹ̀ sì ní oró tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kéré, nǹkan bí 5 nínú 100.

Láàrin ọdún 2010 sí 2020, àwọn ọ̀mọ̀wé àjọ ìwádìí ẹran-ọ̀sìn náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di ILRI nísinsìnyí, wá ọ̀nà sí i ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní IITA. Ohun tí ó wù wá nínú ọ̀nà náà ni pé kò sí ẹ̀rọ àjèjì kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin gàrí ni wọ́n fi rin èèpo náà. Jáàkì tí a fi ń fún gàrí ni wọ́n fi fún omi rẹ̀ jáde, púpọ̀ nínú oró náà sì bá omi náà lọ. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì sá a, ó sì gbẹ láàrin ọjọ́ kan. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù a máa fún ni ní tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ tí a lè dì sínú àpò. Èyí tí ó kúnná ni ti adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí kò kúnná, tí okùn rẹ̀ pọ̀, ni ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Bí a bá sì fi eèrí àlìkámà, èèpo ẹ̀wà tàbí ewé agúnmániyẹ̀ kún un, àléébù kẹta náà yóò dín kù.

Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ẹ̀ka kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju koríko àti pápá ìjẹko lọ. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pípa koríko mọ́ de àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n a gé e ní tútù, wọ́n a rún un mọ́lẹ̀ gírígírí nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, yóò sì kan bí ògì ti ń kan. Ohun tí ń mú ògì kan náà ni ń mú òun kan. Oṣù púpọ̀ yóò kọjá kò ní bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń wá ewé tí ó lè dín afẹ́fẹ́ mẹ́téènì tí ẹran ń gùfẹ̀ jáde kù, nítorí afẹ́fẹ́ yìí wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná, agbára oúnjẹ tí ó sì yẹ kí ó di ẹran ni ó ń bá a jáde lẹ́nu ẹran náà.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, tí wọ́n sì sọ pé kí a má ṣe da ẹran kiri ní gbangba mọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Èkìtì ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2016. Ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ àti ti darandaran tí ó ti ta sílẹ̀ nítorí koríko àti omi ni ó fa òfin wọ̀nyí, a kò sì rí ẹni tí ó lè bú àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin lè sọ pé kí màlúù dúró sójú kan. Kò lè bọ́ màlúù náà. Ẹni tí ó bá so ẹran mọ́lẹ̀ ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹran náà sí ọrùn ara rẹ̀: òun ni yóò máa wá oúnjẹ kiri. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran-ọ̀sìn nìkan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, lójú tiwa, ni èyí tí ìyá ẹlẹ́kọ ní Ajégúnlẹ̀ ti ń bá jà láti ọjọ́ tí ó ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Nígbà tí a tún kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, a ròyìn ti èèpo Ìbàdàn fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì bi wá ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan tí a kà. Ó ní, "Bàbá, níbo ni màá ti rí ilẹ̀ tí màá sá a sí?" Òótọ́ ni ó sọ. Ní Ajégúnlẹ̀, aṣọ gan-an ń dúró de ara wọn lórí okùn. Iṣẹ́ rírin àti fífún kì í ṣe ti ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ti ẹni tí ó ní ẹ̀rọ gàrí ni, ní ibi tí àyè wà, bí ó bá lè rí èèpo mímọ́ gbà lọ́wọ́ ọjà. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ ìdílé ni kí èèpo má ṣe bá ọ̀rá pàdé. Garawa méjì tó: ọ̀kan fún èèpo àti ewé, ọ̀kan fún ìyókù gbogbo. Kí a fọ iyanrìn kúrò lára èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó fún ẹran. Kí a má ṣe fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Kí a má sì ṣe da ìrẹsì tàbí ẹ̀bà tí ó kù lẹ́yìn ìnáwó sílẹ̀ fún un lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí oúnjẹ dídẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa mú inú ṣàkì kan ju bí ó ti yẹ lọ, inú ẹran á wú, á sì kú. Ewé ìyeyè àti ewé ọ̀dán dára fún un, àwọn bàbá wa ti mọ èyí kí yunifásítì tó dé.

Ìyá náà ti ní garawa méjì báyìí. Alákàrà tí ó wà ní ìkọjá ọ̀nà ń kó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ fún un ní òwúrọ̀, òun náà a sì fi ẹ̀kọ méjì ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí a bá òun wádìí iye tí wọ́n ń ta àpò eèrí àlìkámà. A wádìí, a sì mú èsì padà wá. Ó mí kanlẹ̀. A gbà á níyànjú pé kí òun àti aládùúgbò méjì da owó pọ̀ ra àpò kan, kí wọ́n pín in lójú ẹsẹ̀, kí olúkúlùkù sì gbé tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ sórí pákó, nítorí ní oṣù òjò eèrí tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa bu.